Ṣé Ẹ Mọ̀? Arúgbó Gba Ìtàgé Ijó

Ọmọ ọdún mélòó ni oníjó ń jẹ́ kó tó kúrò lórí ìtàgé? Ní Paris Opera, ẹni tó bá ti pé 42, ó di dandan kó fẹ̀yìn tì. Ẹ wá wo ìyàtọ̀: ní 1991, Jiří Kylián dá ẹgbẹ́ oníjó kan sílẹ̀ ní Netherlands, Nederlands Dans Theater III, tó jẹ́ pé àwọn tó ti lé ní 40 ló kó jọ síbẹ̀!

Ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Company of Elders, ẹgbẹ́ oníjó ti Sadler's Wells ní London, kì í gba ẹni tí kò bá tíì pé 60, láti 1989 sì ni wọ́n ti ń jó.

Èmi ò lè ṣe kí n má dárúkọ Kazuo Ohno, oníjó ará Japan. Ní 1929 ló wo ijó obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní La Argentina. Ọdún 48 lẹ́yìn náà ló tó dá ijó tó fi yìn ín. Ẹ ṣírò ọjọ́ orí rẹ̀ wò! Bàbá ẹni ọdún 71 ló wọ kaba obìnrin, tó fi funfun kun ojú, tó bọ́ sójú agbo.

Ìyẹn gan-an kọ́ ló yà mí lẹ́nu jù. Nígbà tí ẹsẹ̀ Ohno ò gbé e mọ́, orí àga ló jókòó sí, tó ń fi ọwọ́ nìkan jó: ìka á là díẹ̀díẹ̀, ọrùn ọwọ́ á yí, ó parí. Yoshito ọmọ rẹ̀, oníjó tí òun náà ti lé ní 60, ló ń dì í mú. Ẹ bá mi sọ ọ́, èwo ni ìtọ́jú bàbá níbẹ̀, èwo ni ijó? Ọdún 103 ni Ohno lò láyé. Yoshito náà, nígbà tó wà láyé, a sì máa ki ọmọláńgidi kékeré tó jọ bàbá rẹ̀ bọ ìka, a fi jó.

Ẹ ní 103 pọ̀? Eileen Kramer, oníjó ará Australia, lo 110, ọdún 2024 ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dágbére fáyé! Nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lu ẹnìkejì rẹ̀ ní New York, ó gbé ijó tì fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó ń tọ́jú rẹ̀ títí tíyẹn fi kú. Ẹni ọdún 99 ni nígbà tó padà sí Sydney. Kí ló padà wá ṣe? Ijó tuntun ni!

Ta ló lọ wá oníjó nílé àwọn arúgbó? Liz Lerman ti Amẹ́ríkà ni. Jẹjẹrẹ pa ìyá rẹ̀. Nínú ijó tó dá fún un ní 1975, àwọn arúgbó ló dúró bí àwọn tó ti ṣáájú kú, tí wọ́n wá pàdé ìyá náà lọ́nà ọ̀run. Ọmọ Yorùbá wo ló máa ní kí wọ́n túmọ̀ ìyẹn fún òun?

Aláìsàn náà wọ inú ọ̀rọ̀ yìí. Ní 1994, Bill T. Jones, oníjó ará Amẹ́ríkà, gbé Still/Here jáde, ijó tó jẹ́ pé ó bá àwọn tí àìsàn ńlá ń ṣe jókòó kó tó dá a. Arlene Croce, alárìíwísí ijó, kọ àròkọ gígùn bẹnu àtẹ́ lù ú nínú The New Yorker, ó sì sọ gbangba pé òun ò wò ó, òun ò sì ní in lọ́kàn láti ṣe àgbéyẹ̀wò rẹ̀! Lójú tèmi, ẹni tó ń kú lọ ní ẹ̀tọ́ láti jó o.

Ijó kan, ìran mẹ́ta! Pina Bausch, ará Jámánì, dá Kontakthof ní 1978. Ní 2000, ó kó àwọn ará ìlú Wuppertal tó ti lé ní 65 jọ, àwọn tí kì í ṣe oníjó rárá, ó wọ ọkùnrin ní kóòtù, ó wọ obìnrin ní bàtà gogoro, ó ní ó yá. Ní 2008, ó gbé ijó náà fún àwọn ọ̀dọ́langba.

Ó tún kù o. Ní 2024, Meryl Tankard, tó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ jó o, kó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ àtijọ́ padà, wọ́n sì ń jó pẹ̀lú fíìmù ara wọn ti 1978. Ẹni tó ti kú nínú wọn ń jó nínú fíìmù. Àyè rẹ̀ lórí ìtàgé ṣófo.

Ṣé ẹ mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ Yorùbá wà nínú ọ̀rọ̀ yìí? Germaine Acogny, tí wọ́n bí ní Benin ní 1944, tó wá di ìyá ijó òde òní nílẹ̀ Áfíríkà, ìyálórìṣà Yorùbá ni ìyá bàbá rẹ̀. Ní 2021, ó ti lé ní 75, òun àti Malou Airaudo, oníjó tó ti lé ní 70, jó common ground[s], àwọn ìyá àgbà méjì péré lójú agbo. Ọdún yẹn náà ni Biennale Venice fún Acogny ní ẹ̀bùn Kìnnìún Wúrà. Ẹ wá fídíò ijó náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì pe màmá àgbà ilé yín wá bá yín wò ó. Bí wọ́n bá dìde jó, ẹ gbé àga kúrò lọ́nà.