Iṣẹ́ tí Síǹkì ń Ṣe Lára Páànù

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó rò pé bí ọ̀dà ni síǹkì tí a fi bo páànù irin, pé kí ó ṣáà ti dí òjò lọ́nà ni. Òótọ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò tán síbẹ̀. Bí ọ̀dà bá bó lára irin, ìpẹtà, èyí tí Bíbélì wa pè ní ìpáàrà, yóò bẹ̀rẹ̀ lójú ibẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá ha páànù títí irin inú rẹ̀ fi hàn, ojú ibẹ̀ yóò pẹ́ kí ó tó dípẹtà.

Nígbà tí irin bá ń dípẹtà, ó ń pàdánù ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù, ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ a sì máa gbà á níbi tí omi bá wà. Pípàdánù yìí ni oxidation, gbígbà rẹ̀ sì ni reduction. Kò sí títà níbi tí kò sí rírà. Síǹkì lawọ́ ju irin lọ, irin sì lawọ́ ju bàbà lọ. Àwọn onímọ̀ ti fi fóòtì wọn èyí, wọ́n sì fi háídírójìn ṣe òdo: síǹkì −0.76, irin −0.44, bàbà +0.34.

Ní 1836, John Frederic Daniell ní London ki síǹkì àti bàbà bọ inú omi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ó sì fi awọ ọ̀nà-ọ̀fun màlúù pààlà wọn. Bí ó ti fi wáyà so wọ́n pọ̀, ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ń sàn láti ara síǹkì lọ sí ara bàbà. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín +0.34 àti −0.76 ni agbára tí ń tì wọ́n, èyíinì ni 1.10 fóòtì. Kí olùkọ́ ṣọ́ àmì ìyọkúrò yẹn dáadáa, nítorí níbẹ̀ ni àwọn ọmọ ti máa ń kọ 0.42.

Páànù tí a ha di bátìrì kékeré, omi òjò sì ni omi inú rẹ̀. Síǹkì ni ó ń fi ara rẹ̀ sílẹ̀ fún irin. Humphry Davy ti lo ọgbọ́n yìí ní 1824, nígbà tí ó so síǹkì àti irin mọ́ bàbà tí a fi bo ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì. Omi òkun kò jẹ bàbà náà mọ́. Ṣùgbọ́n bàbà tí ń yọ́ sínú omi ni májèlé tí ń lé ewéko àti àwọn ẹ̀dá oníkarawun òkun. Nígbà tí kò yọ́ mọ́, gbogbo wọn lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ ọkọ̀ náà, ìrìn rẹ̀ sì lọ́ra.

Nítorí náà, ìṣó tí a fi síǹkì bò ni ó yẹ páànù. Bí a bá fi ìṣó bàbà kàn án, síǹkì àyíká rẹ̀ yóò tètè tán, lẹ́yìn èyí irin ni yóò máa san gbèsè náà.