Ìtòdè àti Àtòdè: Ọ̀rọ̀ fún Ìkéde Ọjà tí ó ń Dá Jáde Lórí Ayélujára

Iṣẹ́ kan wà tí ó ti di ara òwò ṣíṣe ní Èkó láti nǹkan bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, tí èdè Yorùbá kò tí ì fún ní orúkọ kan pàtó. Oníṣòwò yóò kọ ìkéde ọjà rẹ̀, yóò fi àwòrán tàbí fídíò tì í, yóò sì sọ ọjọ́ àti wákàtí tí ó fẹ́ kí ó jáde lójú òpó bíi Facebook tàbí Instagram. Bí àkókò náà bá tó, ìkéde yóò dá jáde, ìbáà jẹ́ pé ẹni tí ó kọ ọ́ ń sùn. Ọ̀rọ̀ tí ó kọ́kọ́ máa ń wá sí atúmọ̀-èdè lẹ́nu fún èyí ni 'ètò'. Ọ̀rọ̀ náà kò tọ́, àìtọ́ rẹ̀ kò sì mọ sí ti ẹwà èdè. Ó lè mú kí oníṣòwò pàdánù owó.

Ètò wà lọ́wọ́ ẹni tí ó ṣe é. Bí ó bá gbàgbé rẹ̀, kò sí ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Ní ti iṣẹ́ tí ó wà nílẹ̀ yìí, bí ó bá gbàgbé, gbogbo rẹ̀ ni yóò ṣẹlẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ó ti pàṣẹ. Olùkọ́ tí ó bá sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé kí ó 'ṣe ètò' ìkéde ti fi ìdajì ẹ̀kọ́ náà pamọ́ fún un: kò sọ pé àṣẹ ni ó ń pa, àti pé ẹ̀rọ tí ó ń pa á fún kò ní bi í léèrè mọ́ kí ó tó ṣe é.

Àdúgbò Yábàá ni àwọn ilé-iṣẹ́ kọ̀ǹpútà gbára jọ sí ní Èkó, ṣùgbọ́n àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí kàn jù kì í ṣe àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà. Àwọn ni ẹni tí ń ta aṣọ ní ọjà Tẹ́júoṣó, tí ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Ládípọ̀ ní Muṣin, tàbí tí ń ṣe irun ní Sùúrùlérè. Ọ̀sán kì í fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ láyè: oníbàárà wà níwájú rẹ̀, ariwo ń lọ, iná lè lọ nígbàkígbà. Òru ni ọwọ́ máa ń dilẹ̀, òru náà sì ni àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù ń ta dátà ní ẹ̀dínwó. Nítorí náà, òru ni alásọ yóò gbé fídíò aṣọ tuntun sókè. Ṣùgbọ́n ta ni yóò rí i ní aago méjì òru? Ó fẹ́ kí ó jáde ní aago méje àárọ̀, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ bá jókòó sínú sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ ọkọ̀ ní Ojúẹlẹ́gba, tí olúkúlùkù ń wo fóònù rẹ̀. Ìnáwó òru, èrè àárọ̀: àlàfo wákàtí márùn-ún yìí ni iṣẹ́ náà wà fún.

Ó yẹ kí olùkọ́ tún là á yé akẹ́kọ̀ọ́ ibi tí aago tí ń ṣọ́ ìkéde náà wà. Bí oníṣòwò bá lo irinṣẹ́ tí Facebook àti Instagram fúnra wọn pèsè, tàbí ti àwọn ilé-iṣẹ́ bíi Hootsuite, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Kánádà ní ọdún 2008, àti Buffer, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 2010, ìkéde náà ti kúrò lọ́wọ́ fóònù rẹ̀. Ó ti wà nínú kọ̀ǹpútà ńlá kan lókèèrè. Kí fóònù kú, kí wọ́n jí i gbé ní Ọ̀ṣọ́dì, ìkéde yóò jáde. WhatsApp Business, tí ó dé ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2018, yàtọ̀ ní tirẹ̀. Èsì tí oníṣòwò kọ sílẹ̀ pé kí ó máa lọ bá oníbàárà lẹ́yìn àkókò iṣẹ́ kì í lọ àfi bí fóònù bá wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Aago ti àkọ́kọ́ wà lókèèrè, ti èkejì wà lápò. Ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ méjèèjì yóò pa fóònù rẹ̀, yóò sì máa retí pé èsì ń lọ.

Orúkọ wo, nígbà náà, ni ó yẹ? Ẹni tí ó bá wo inú èdè yóò kọ́kọ́ rí 'dá ọjọ́', tí àwọn ènìyàn ń lò fún yíyan ọjọ́ ìgbéyàwó tàbí ti ìpàdé. Ìbá dára, bí kò bá ṣe pé ìpajẹ fáwẹ́lì gbé e ṣubú: 'dá ọjọ́' di 'dájọ́', 'dá ẹjọ́' náà di 'dájọ́', 'ìdájọ́' sì ti di ti ilé-ẹjọ́ láti ìgbà pípẹ́. Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní ọdún 1984 kò lè yanjú rẹ̀, nítorí ìmọ̀ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni ni ó dá lé. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ fi hàn bí àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ṣe ń sọ ọ̀rọ̀-ìṣe di orúkọ láìyá ti ẹlòmíràn.

Àwọn ọlọ́jà fúnra wọn ni wọ́n ní èyí tí ó dára jù. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ni ìyá ọlọ́jà ti ń to ọjà rẹ̀ sórí àtẹ. Ó ń tò ó de oníbàárà tí kò tí ì jáde nílé. 'Tò dè' ni iṣẹ́ náà gan-an. Láti ara rẹ̀ ni a ti lè rí 'ìtòdè' fún ìṣe náà, àti 'àtòdè' fún ìkéde tí a ti tò tí àkókò rẹ̀ kò tí ì pé. Gbólóhùn yóò máa lọ báyìí: 'Ó to ìkéde mẹ́ta de ọjọ́ Ẹtì', 'Àtòdè mélòó ni ó kù?' Ọ̀rọ̀ náà gba àwòrán, fídíò àti ọ̀rọ̀ pọ̀. 'Àkọdè' kò ní gbà ju ọ̀rọ̀ kíkọ lọ. Ẹnìkan lè ṣàròyé pé 'dè' tún jẹ́ kí a fi okùn so nǹkan. Àròyé náà kò burú, yóò sì wúlò nísàlẹ̀.

Ìkéde tí a kọ tí a kàn fi pamọ́ kì í ṣe àtòdè. 'Àkọpamọ́' ni a lè pe ìyẹn. Àkọpamọ́ ń sùn. Bí ọdún mẹ́ta bá kọjá lórí rẹ̀, kò ní dá jáde. Àtòdè kò sùn.

Ní ti ọjọ́ kíkà, ó yẹ kí atúmọ̀-èdè ṣọ́ra gidigidi. Yorùbá a máa ka òní mọ́ ọjọ́. Ìjẹta ni ọjọ́ tí ó ṣáájú àná, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ méjì péré ni ẹ̀rọ yóò kà. Ọjà ọrọọrún pẹ̀lú, lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin ni ó ń padà ná. Bí ìwé ìtọ́ni bá wí pé kí ìkéde jáde 'ní ìjọ márùn-ún òní', àgbà kan yóò lóye ọjọ́ kan, ẹ̀rọ yóò lóye èyí tí ó tẹ̀ lé e. Ọjọ́ orí kàlẹ́ńdà ni kí wọ́n kọ.

Aago pàápàá lè tan ènìyàn. Nàìjíríà kì í yí aago padà láàárín ọdún. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì a máa yí i. Láti ọjọ́ Àìkú tí ó kẹ́yìn oṣù Kẹta títí di èyí tí ó kẹ́yìn oṣù Kẹwàá, aago kan náà ni Èkó àti Lọ́ńdọ̀nù ń lò. Lẹ́yìn èyí, Lọ́ńdọ̀nù a máa fi wákàtí kan rẹ̀yìn. Alásọ Yábàá tí ó ní oníbàárà ní Peckham, tí ó wà ní oṣù Kẹsàn-án tí ó to ìkéde aago méje alẹ́ de oṣù Kọkànlá, yóò bá wọn ní aago mẹ́fà, nígbà tí ọ̀pọ̀ wọn ṣì wà nínú ọkọ̀ ojú irin. Ọjọ́ 75 ni Instagram fi ṣe gbèdéke nígbà tí ó gbé ìtòdè wọlé ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, nítorí náà irú àṣìṣe yìí kò ṣòro láti ṣe.

Síbẹ̀, ewu tí ó tóbi jù kì í ṣe ti aago. Àtòdè kò mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ láàárín ìgbà tí a tò ó àti ìgbà tí ó jáde. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá ọdún 2020, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó kéde kónílé-ó-gbélé nígbà ìwọ́de EndSARS. Ìkéde tí ẹnìkan ti tò de ọjọ́ náà pé 'Ẹ yà sí ṣọ́ọ̀bù wa ní Sùúrùlérè lónìí' kò lè gbọ́ ìyẹn. Láti ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà ọdún 2021 títí di ọjọ́ 13 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2022 ni ìjọba àpapọ̀ fi ti Twitter pa ní Nàìjíríà; àtòdè tí ó wà níbẹ̀ yóò máa jáde lọ́hùn-ún, láìjẹ́ pé ẹni tí a kọ ọ́ fún ń rí i.

Ti owó ni ó le jù. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹfà ọdún 2023, báńkì àpapọ̀ tú iye náírà sílẹ̀ fún ọjà láti dá, dọ́là tí ó wà ní nǹkan bí 470 náírà sì kọjá 600 láàárín ọjọ́ mélòó kan. Kí a sọ pé ẹni tí ń ta ìpara òkè òkun ní Sùúrùlérè ti to ìkéde ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sílẹ̀, tí iye owó sì wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ọjà tí yóò fi owó tuntun rà ni ìkéde rẹ̀ yóò máa fi owó àtijọ́ polówó ní àràárọ̀. Òfin ọdún 2018 tí ó ń dáàbò bo oníbàárà ní Nàìjíríà kò sì fẹ́ kí ọlọ́jà gbà ju iye tí ó fi hàn lọ. Bí ó bá tà á bẹ́ẹ̀, ó jẹ gbèsè. Bí kò bá tà á, ó di òpùrọ́ lójú àwọn oníbàárà.

Nítorí náà, ọ̀rọ̀ kan ṣì kù tí ìwé ìtọ́ni kò gbọdọ̀ ṣe aláìní: ọ̀rọ̀ fún dídá àtòdè dúró kí ó tó jáde. Níhìn-ín ni 'dè' ti okùn wúlò. Ohun tí a dè ni a ń tú. 'Tú àtòdè' yóò yé ọlọ́jà láìsí àlàyé. Ojú ewé kan náà tí ó ti kọ́ni ní ìtòdè ni ó yẹ kí ó ti kọ́ni ní títú, kì í ṣe ẹ̀yìn ìwé: bí iye owó bá wà nínú ìkéde, kí a má tò ó kọjá ọjọ́ méjì, bí ìròyìn ńlá bá dé, kí a kọ́kọ́ tú gbogbo àtòdè, kí a tó jókòó gbọ́ ìròyìn náà tán.