Agogo ń dún, kò sẹ́nì kankan lẹ́nu ọ̀nà: ọ̀rọ̀ sikéèlì tó so mọ́ kọ̀ǹpútà

Àwọn tó ń lo sikéèlì tó so mọ́ kọ̀ǹpútà nínú ṣọ́ọ̀bù ni mo ń bá sọ̀rọ̀, pàápàá tó bá jẹ́ Linux ló wà lórí ẹ̀. Ẹni mẹ́ta ti bi mí lóṣù yìí: kọ̀ǹpútà kàn ń falẹ̀, ìwọ̀n ò wọlé mọ́, atúnṣe sì ní kí wọ́n ra tuntun. Ẹ má tíì náwó.

Ihò tó ní abẹ́rẹ́ mẹ́sàn-án lẹ́yìn kọ̀ǹpútà, òun ni serial port. Bí sikéèlì bá fi nǹkan ránṣẹ́, ṣíìpù ibẹ̀ á tẹ agogo. Agogo yẹn ni wọ́n ń pè ní interrupt. Ti pọ́ọ̀tù àkọ́kọ́ sábà máa ń jẹ́ nọ́ńbà 4. Kọ̀ǹpútà á fi iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ sílẹ̀. Driver, kì í ṣe awakọ̀ o, ètò tó ń bá pọ́ọ̀tù sọ̀rọ̀ ni, á wá bi ṣíìpù pé, "Ṣé ìwọ lo pè mí?" Bí ṣíìpù bá ní òun kọ́, agogo òfo nìyẹn. Ó dà bí ọmọ tẹ́ ẹ rán lọ sẹ́nu ọ̀nà tó padà wá sọ pé, "Ba kowa." Ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ò ṣe nǹkan kan. Àmọ́ tó bá ń dún léraléra láìdábọ̀, ta ló máa ráyè tajà?

Linux fúnra ẹ̀ máa ń kà á. Nínú 100,000 ìpè, bí èyí tí ẹnikẹ́ni ò gbà pé tòun ni bá ju 99,900 lọ, á kọ "nobody cared", á sì pa agogo náà. Ibẹ̀ ni ìwọ̀n ti ń dákẹ́ lójijì.

Ẹ ṣí ètò ìtajà yín sílẹ̀, ẹ pa sikéèlì, ẹ má yọ wáyà. Ẹ ka /proc/interrupts lẹ́ẹ̀mejì, kẹ́ ẹ fi ìṣẹ́jú kan sáàárín. Bí ètò yín kò bá ń fi nǹkan ránṣẹ́ sí sikéèlì fúnra ẹ̀, kò yẹ kí iye tó wà níwájú 4 gbéra. Bó bá ń gbéra, ẹ yọ wáyà lẹ́yìn kọ̀ǹpútà, kẹ́ ẹ tún kà á. Bó bá dúró, wáyà lẹjọ́ wà lọ́rùn ẹ̀: wáyà gígùn tó gba ẹ̀gbẹ́ jẹnẹrétọ̀ kọjá máa ń gbé ariwo iná. Bí kò bá dúró, ẹ wo ìparí ìlà 4 yẹn. Bí orúkọ méjì bá wà níbẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ káàdì kejì ló ń tẹ agogo.

Ẹ wá tan sikéèlì, kẹ́ ẹ wo /proc/tty/driver/serial, root ló lè ṣí i. Bí iye fe bá ń gòkè, agogo òfo kọ́ nìyẹn: nǹkan wọlé lóòótọ́, ó ti bàjẹ́ ni. Ó lè jẹ́ wáyà, ó sì lè jẹ́ pé sikéèlì wà lórí 4800, kọ̀ǹpútà wà lórí 9600. Ìyẹn ò gba kọ́bọ̀ láti tún ṣe.

Àwọn tó ń lo wáyà USB, tiyín yàtọ̀. Ẹ ò ní rí 4 yẹn. Mi ò sì fẹ́ràn irqpoll táwọn kan ń fi dákẹ́ ẹ̀. Ó ń bo ọgbẹ́ mọ́lẹ̀ ni.

Ẹni tí iye ẹ̀ bá ń gbéra, kó ya fọ́tò ìkà méjèèjì síbí. Mo máa wò ó lálẹ́, tí ọjà bá ti tú.