Ọ́kíìdì sálúbàtà: ìkòkò ni kí ẹ wò, kì í ṣe kàlẹ́ńdà

Lára ìkòkò ọ́kíìdì tí wọ́n ń tà ní àwọn ilé ìtajà ńlá ní Lọ́ńdọ̀nù, a sábà máa ń rí páálí kékeré kan tó ní kí ẹni tó bá rà á máa bomi rin ín lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ìmọ̀ràn náà rọrùn láti rántí, ó sì ń fi ọkàn ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìtọ́jú òdòdó balẹ̀. Àmọ́ tó bá kan àwọn ọ́kíìdì ilẹ̀ olóoru tí òdòdó wọn ní àpò kan níwájú tó rí bí orí sálúbàtà, tí a óò tìtorí rẹ̀ pè ní ọ́kíìdì sálúbàtà níhìn-ín, ìmọ̀ràn eléwu ni. Ọjọ́ kọ́ ló yẹ kó sọ ìgbà tí òdòdó yìí fẹ́ mumi. Ohun tó yí gbòǹgbò rẹ̀ ká nínú ìkòkò ló mọ ìgbà náà. Ẹni tó bá sì fẹ́ mọ̀ ọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbà pé bí gbòǹgbò ṣe ń mu náà ló ń mí.

Ẹ jẹ́ ká wo ibi tí wọ́n ti ń wá. Ọ̀wọ́ tó ń jẹ́ Paphiopedilum ń hù láti Íńdíà àti gúúsù Ṣáínà títí dé àwọn erékùṣù Solomon. Ọ̀wọ́ kejì, Phragmipedium, jẹ́ ti Àárín Gbùngbùn Amẹ́ríkà àti Gúúsù Amẹ́ríkà. Àwọn ọ́kíìdì mìíràn, irú bíi Cattleya, ní igi ara tó wú bí isu kékeré, ibẹ̀ ni wọ́n ń tọ́jú omi sí de ìgbà ọ̀dá. Ọ́kíìdì sálúbàtà kò ní irú àká bẹ́ẹ̀. Ewé ló ní, pẹ̀lú gbòǹgbò díẹ̀ tó nípọn, tí irun wẹ́wẹ́ bò, tí ìta ara rẹ̀ sì dà bíi kànìnkànìn: bí omi bá ti kàn án, ó ti fà á mu. Nínú igbó, orí ewé tó ń jẹrà ni púpọ̀ nínú wọn ń hù sí, tàbí nínú pàlàpálá òkúta ẹfun. Òjò lè máa rọ̀ níbẹ̀ léraléra, ṣùgbọ́n omi kì í dúró. Á gba àárín ewé àti òkúta ṣàn lọ, ọ̀rinrin lásán ló máa ń ṣẹ́kù, afẹ́fẹ́ á sì tẹ̀lé e wọlé. Nítorí náà, ohun ọ̀gbìn tí kò gbọ́dọ̀ gbẹ pátápátá, tí kò sì gbọ́dọ̀ jókòó sínú omi, la gbé wọlé yìí.

Kí ló dé tí omi tó dúró fi ń pa á? Gbòǹgbò nílò ọ́síjìn kó tó lè ṣiṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ọ́síjìn ń yára rìn nínú afẹ́fẹ́ tó bí ìlọ́po 10,000 ju bó ṣe ń rìn nínú omi lọ. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí kì í fi í gbin ọ́kíìdì sálúbàtà sínú erùpẹ̀ lásán. Èèpo igi tí wọ́n gé wẹ́wẹ́ ni wọ́n ń lò, wọ́n sì lè fi èédú tàbí òkúta fífúyẹ́ kún un. Àlàfo tó wà láàárín èèpo kan sí èkejì ni ilé afẹ́fẹ́. Ṣùgbọ́n èèpo ń jẹrà. Láàárín ọdún kan sí méjì, púpọ̀ nínú rẹ̀ á ti kúnná bí èlùbọ́ tí omi kán sí, àlàfo á dí, omi ò ní rí ọ̀nà jáde bíi ti tẹ́lẹ̀. Ife omi kan náà, nínú ìkòkò kan náà, lọ́jọ́ kan náà láàárín ọ̀sẹ̀, á wá di májèlé lọ́dún kejì fún òdòdó tó fi ṣe oúnjẹ lọ́dún àkọ́kọ́. Páálí ara ìkòkò kò lè mọ èyí. Kò mọ̀ bóyá ìkòkò amọ̀ ni, tí omi ń gba ara rẹ̀ jáde, tàbí ti ike, tó ń sé omi mọ́nú. Kò sì mọ̀ pé ẹ̀rọ tó ń mú ilé móoru ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru ní oṣù Kejìlá, débi pé afẹ́fẹ́ yàrá gbẹ bí ìgbà ọyẹ́.

Èyí tó burú jù ni pé àmì òǹgbẹ àti àmì àmujù jọ ara wọn. Gbòǹgbò tó ti jẹrà kò lè fa omi mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú omi ló wà, ewé á sì rọ. Ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ á rí ewé tó rọ, á ní òǹgbẹ ló ń gbẹ ẹ́, á tún bu omi sí i, gbòǹgbò tó kù á sì tẹ̀lé ti àkọ́kọ́ lọ. Ìfẹ́ ló fi ń ṣe é, òdòdó ló sì ń kú. Ewé nìkan kò tó dájọ́. Ohun tó tó ni pé kí ẹ gbé ìkòkò sókè lẹ́yìn tí ẹ bá ti bomi rin ín dáadáa, tí omi ti ro tán, kí ọwọ́ yín mọ bó ṣe wúwo tó. Ẹ tún gbé e lọ́jọ́ kẹta, ẹ gbé e lọ́jọ́ karùn-ún. Ọwọ́ kì í pẹ́ kọ́ ọ. Bí kò bá tíì dá yín lójú, ẹ ki igi gbígbẹ tẹ́ẹ́rẹ́ bọ inú èèpo náà fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Bó bá jáde ní tútù, ẹ fi omi sílẹ̀. Bí òkè bá ti ń gbẹ tí inú ṣì ní ọ̀rinrin díẹ̀, ìgbà náà ni kí ẹ da omi sí i títí yóò fi ṣàn jáde nísàlẹ̀, kí ẹ sì da èyí tó ro sínú àwo nù. Bí ewé bá rọ nígbà tí èèpo tutù, ẹ yọ òdòdó náà, ẹ fọwọ́ tẹ gbòǹgbò rẹ̀ wò: èyí tó le ṣì yè, èyí tó rọ̀ tó sì ṣófo ti kú.

Àṣìṣe yìí ti pẹ́ láyé. Paphiopedilum venustum tanná ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1819, kò sì pẹ́ tí Paphiopedilum insigne fi tẹ̀lé e, èyí tó wá láti àwọn òkè tútù ní àríwá ìlà-oòrùn Íńdíà. Nígbà náà, èrò àwọn olówó tó ń kó wọn jọ ni pé ohun tó bá ti ilẹ̀ olóoru wá, ooru àti omi ló ń fẹ́. Wọ́n kó ọ́kíìdì mọ́ inú ilé onígíláàsì tó gbóná, tó kún fún ọ̀rinrin, tí atẹ́gùn kò ráyè wọ̀, àwọn ọ́kíìdì náà sì kú lọ rẹpẹtẹ. Ní àwọn ọdún 1830, Joseph Paxton, olórí àwọn olùtọ́jú ọgbà ní Chatsworth nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wà lára àwọn tó jẹ́ kí atẹ́gùn wọ ilé, tó sì dín ooru kù fún àwọn tó ti orí òkè wá. Ọ́kíìdì bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́ láyé lọ́dọ̀ wọn.

Ẹnì kan lè sọ pé Phragmipedium besseae, olódòdó pupa tí àwọn onímọ̀ ṣàpèjúwe ní 1981, ń hù lára àpáta tí omi ń sun láti ara rẹ̀ ní Peru àti Ecuador, àti pé àwọn kan ń gbé ìkòkò rẹ̀ sínú àwo omi. Òótọ́ ni, mi ò sì ní jiyàn. Ṣùgbọ́n omi ara àpáta kò dúró sójú kan. Omi tuntun ń dé lémọ́lémọ́ pẹ̀lú ọ́síjìn nínú rẹ̀. Omi inú àwo tí ẹnikẹ́ni kò pààrọ̀ láti ọjọ́ Àìkú kì í ṣe ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹlòmíràn á tọ́ka sí ìwádìí tí ìwé ìròyìn HortScience gbé jáde ní 2017, tó fi hàn pé fífi ègé yìnyín mẹ́ta lọ́sẹ̀ bomi rin Phalaenopsis, ọ̀wọ́ ọ́kíìdì mìíràn, kò pa á lára. Èmi gba èsì náà gbọ́. Phalaenopsis ni wọ́n fi dán an wò, ewé rẹ̀ sì nípọn, ó ń tọ́jú omi. Púpọ̀ nínú ọ́kíìdì sálúbàtà kò ní irú ewé bẹ́ẹ̀, omi yìnyín mẹ́ta kò sì tó láti ṣan iyọ̀ tí omi ń fi sílẹ̀ nínú èèpo kúrò.

Àtakò tó lágbára jù ni pé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nílò òfin tó ṣeé tẹ̀ lé, kì í ṣe àlàyé. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ mú ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀, kí ẹ má jẹ́ kó yẹ̀, ṣùgbọ́n kó jẹ́ ọjọ́ àyẹ̀wò, kì í ṣe ọjọ́ omi. Bí ẹyẹ bá ṣe fò la ṣe ń sọ òkò rẹ̀, ẹyẹ yìí kì í sì í fò bákan náà nígbà ooru àti nígbà òtútù.

Irú omi náà ṣe pàtàkì. Omi ẹ̀rọ Lọ́ńdọ̀nù ti gba ilẹ̀ ẹfun kọjá, èépá funfun inú kẹ́tù sì ni ẹ̀rí rẹ̀. Àwọn ẹ̀yà tó ń hù lára òkúta ẹfun, bíi Paphiopedilum concolor, lè fara dà á díẹ̀. Ní ti Phragmipedium besseae, iyọ̀ inú omi náà á jó ṣóńṣó ewé rẹ̀ di pupa rúsúrúsú. Omi òjò ló dára jù fún gbogbo wọn. Àárọ̀ sì ni kí ẹ bomi rin wọ́n, kí omi tó bá kán sí àárín ewé lè gbẹ kó tó di alẹ́, nítorí ibẹ̀ ni ìjẹrà tí bakitéríà ń fà ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, ó sì lè pa òdòdó láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Ìpàdánù yìí ju ti òdòdó ojú fèrèsé kan lọ. Ní 2015, àjọ IUCN, tó ń rí sí ìdáàbòbò ẹ̀dá, kéde pé nínú ẹ̀yà 84 ọ́kíìdì sálúbàtà ilẹ̀ olóoru Éṣíà tí wọ́n yẹ̀ wò, ìdá 99 nínú ọgọ́rùn-ún ló wà nínú ewu àtirun. Àwọn tó ń hú wọn tà wà lára ohun tó fà á. Paphiopedilum vietnamense, tí àwọn onímọ̀ ṣàpèjúwe ní 1999, fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nínú igbó láàárín ọdún mélòó kan. CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ohun ọ̀gbìn àti ẹranko inú igbó, ti ka títa èyí tí wọ́n hú nínú igbó láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn léèwọ̀. Ẹ ra èyí tí wọ́n gbìn nínú ọgbà nìkan, ẹ bèèrè kí ẹ tó sanwó. Èyí tó sì wà lọ́wọ́ yín tẹ́lẹ̀, kí ẹ tó bu omi sí i lọ́la, ẹ kọ́kọ́ gbé ìkòkò rẹ̀ wò ná.