Arọ́pò Orúkọ Ni Adájọ́: Ọ̀rọ̀ Lórí Ọ̀rọ̀ Ìṣe Alásopọ̀ Èdè Gẹ̀ẹ́sì

Nínú gbogbo ohun tí ń dààmú àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ wa nípa èdè Gẹ̀ẹ́sì, díẹ̀ ni ó tó àwọn ọ̀rọ̀ ìṣe tí a so ọ̀rọ̀ kékeré mọ́ nídìí: “give up”, “turn off”, “look after” àti irú wọn. Ọmọ lè mọ “give”, kí ó sì mọ “up”, síbẹ̀ kí ó má mọ̀ pé “give up” ni kí ènìyàn jáwọ́ nínú nǹkan. Kì í ṣe àwa nìkan ni ọ̀ràn yìí ń bá jà. Samuel Johnson ti sọ ọ́ tipẹ́. Kì í ṣe àlùfáà tí ó kọ ìtàn àwọn Yorùbá ni mo ń wí, bí kò ṣe Òyìnbó tí ó ṣe ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì tí ó jáde ní 1755. Ó wí nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú ìwé náà pé irú àsopọ̀ báyìí ni ó nira jù fún àjèjì tí ń kọ́ èdè àwọn. Ní 1925, Logan Pearsall Smith lo orúkọ tí a ṣì fi ń pè wọ́n lónìí, “phrasal verb”. Níhìn-ín, a ó pè wọ́n ní ọ̀rọ̀ ìṣe alásopọ̀.

Ìtumọ̀ wọn kọ́ ni mo fẹ́ sọ. Ìwé atúmọ̀ èdè wà fún èyíinì. Ibi tí arọ́pò orúkọ ń jókòó sí lára wọn ni mo fẹ́ kí a yẹ̀ wò, nítorí ibẹ̀ ni àṣírí wọn wà.

Bí àbọ̀ bá jẹ́ ọ̀rọ̀ orúkọ, ibi méjì ni ó lè jókòó sí. A lè wí pé “turn off the lamp”, a sì lè wí pé “turn the lamp off”. Ìtumọ̀ wọn kò yàtọ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá ti fi arọ́pò orúkọ dípò “the lamp”, ọ̀nà kan ṣoṣo ni ó kù: “turn it off”. “Turn off it” kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì. Bẹ́ẹ̀ náà ni “wake her up” àti “put them away”.

Kí ni ó fà á? Èdè Gẹ̀ẹ́sì a máa fi ìparí gbólóhùn sílẹ̀ fún ohun tí ó jẹ́ tuntun sí olùgbọ́, ibẹ̀ ni ohùn sì ti ń wúwo. Arọ́pò orúkọ kì í ṣe ohun tuntun. Ẹni tàbí ohun tí a ti dárúkọ ṣáájú ni ó ń tọ́ka sí, ohùn rẹ̀ sì fúyẹ́. Ẹ tẹ́tí sí ẹni tí ń yára sọ Gẹ̀ẹ́sì: “pick it up” yóò dún bí ọ̀rọ̀ kan, “it” yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá, ṣùgbọ́n “up” yóò dún ketekete. Ìdí kan náà ni àbọ̀ gígùn fi ń lọ sí ìparí, bíi “turn off the lamp that your father brought from Ibadan”.

Ẹgbẹ́ kejì wà tí ó jọ ti àkọ́kọ́ lójú. “Look after the child” kò yàtọ̀ ní ìrísí sí “turn off the lamp”. Síbẹ̀ “look after him” ni a ń wí, a kì í wí pé “look him after”. Nínú ẹgbẹ́ yìí, ọ̀rọ̀ atọ́kùn ni ọ̀rọ̀ kékeré náà, kì í sì í jẹ́ kí àbọ̀ rẹ̀ ṣíwájú rẹ̀. Àwọn ọlọ́rọ̀ mẹ́ta bíi “put up with it” àti “look forward to it” ń bá a rìn.

Báwo ni a ó ṣe dá ẹgbẹ́ méjèèjì mọ̀? Arọ́pò orúkọ ni adájọ́. Ẹ wo “She looked over the letter” àti “She looked over the wall”. Ojú kò lè rí ìyàtọ̀ ìlò wọn. Ẹ fi arọ́pò orúkọ sí i: ti lẹ́tà di “She looked it over”, èyí ni pé ó yẹ̀ ẹ́ wò, ti ògiri di “She looked over it”, èyí ni pé ó gba orí rẹ̀ wo òdì kejì.

Àṣìṣe níhìn-ín kì í ṣe ohun ẹ̀rín nígbà gbogbo. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ń kọ lẹ́tà ìdúpẹ́ sí ẹni tí ó san owó ẹ̀kọ́ rẹ̀, “You saw me through” yóò túmọ̀ sí pé ó dúró tì í títí dé òpin. Ṣùgbọ́n bí ó bá kọ “You saw through me”, ohun tí ó sọ ni pé olóore náà ti rí ìdí ẹ̀tàn òun. Ọ̀rọ̀ kan ni ó ṣípò, ọpẹ́ sì di ìjẹ́wọ́.

Àwọn kan a máa wí pé èdè Yorùbá ni ó ń dí ọmọ lọ́wọ́ nínú irú ẹ̀kọ́ yìí, àwọn ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn sì ń fi ìyà jẹ ọmọ tí ó bá sọ ọ́ ní kíláàsì. Ẹ jẹ́ kí a wò ó bóyá òtítọ́ ni. A ń wí pé “Ọ̀rọ̀ náà bàjẹ́”. Bí àbọ̀ bá dé, ọ̀rọ̀ ìṣe náà yóò là sí méjì: “Ó ba ọ̀rọ̀ náà jẹ́”, “Ó bà á jẹ́”. A ń wí pé “Èrò túká” àti “Ọlọ́pàá tú wọn ká”, gẹ́gẹ́ bí Òyìnbó ti ń wí pé “The crowd broke up” àti “The police broke it up”. Bẹ́ẹ̀ ni “tàn án jẹ”, “rẹ́ ẹ jẹ”, “yí i padà”, àti “yẹ̀ ẹ́ wò” tí a lò lókè yìí.

Èyí tí ó jinlẹ̀ jù ni gbàgbọ́ àti gbàgbé. Ìró wọn jọra, ìkọsílẹ̀ wọn jọra. Síbẹ̀ “Mo gbà á gbọ́” ni a ń wí fún ọ̀kan, “Mo gbàgbé rẹ̀” fún èkejì. Gbàgbọ́ là, gbàgbé kò là, arọ́pò orúkọ ni ó sì tú wọn fó. Ọmọ ọdún márùn-ún tí a bí sí ilé Yorùbá kì í ṣi méjèèjì lò.

N kò wí pé èdè méjèèjì dọ́gba. Nínú Yorùbá, ọ̀rọ̀ orúkọ pàápàá kò lè ṣàì bọ́ sí àárín: “ba ọ̀rọ̀ jẹ́” ni, kì í ṣe “bàjẹ́ ọ̀rọ̀”, Gẹ̀ẹ́sì sì fún ọ̀rọ̀ orúkọ ní àyè méjì. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ọ̀rọ̀ atọ́kùn nínú gbàgbé bí ó ti wà nínú “look after”. Ipò arọ́pò orúkọ nìkan ni wọ́n fi jọra, ṣùgbọ́n ìjọra náà tó ohun tí olùkọ́ lè fi ṣe àtẹ̀gùn.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má ṣe kọ “turn off” àti “look after” lásán sára pátákó fún ọmọ láti há sórí. Ẹ kọ “turn it off”, kí ẹ sì kọ “look after it”. Ọmọ tí ó kọ́ ọ̀rọ̀ pẹ̀lú arọ́pò orúkọ rẹ̀ ti kọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó kọ èyíkéyìí nínú wọn, ẹ kọ́kọ́ bi í léèrè ìdí tí a fi ń wí pé “gbà á gbọ́” tí a kì í sì í wí pé “gbà á gbé”. Ìmọ̀ tí ó fi ń dáhùn ìbéèrè yìí ni yóò fi kọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tí ó bá fi pàṣán lé èdè Yorùbá jáde kúrò ní kíláàsì ti lé ìmọ̀ náà jáde pẹ̀lú.