Ilé iṣẹ́ méjì fẹ́ di ọ̀kan: Báwo ni wọ́n ṣe lè la ìwádìí àjọ ìdíje òwò kọjá?

Ní oṣù Keje ọdún 2022, ilé iṣẹ́ Diageo, tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní London, kéde pé òun yóò ta Guinness Cameroun, tó ń pọn ọtí ní ìlú Douala, fún ilé iṣẹ́ Castel ti ilẹ̀ Faransé ní mílíọ̀nù 389 owó pọ́n-ùn. Castel yìí kan náà ló ni Boissons du Cameroun, ilé iṣẹ́ ọtí tó tóbi jùlọ ní orílẹ̀-èdè náà, tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Douala bákan náà. Àmọ́ ìkéde kò parí ọ̀rọ̀, àṣẹ àwọn aláṣẹ ṣì kù. Oṣù Karùn-ún ọdún 2023 ni títà náà tó parí, lẹ́yìn nǹkan bí oṣù mẹ́wàá.

Kí ló dé tí ìjọba fi ń dá sí i?

Ẹni tó ń ta ọtí ní àdúgbò Akwa ní agbára díẹ̀ nígbà tí ilé iṣẹ́ méjì bá ń du owó rẹ̀: bí ọ̀kan bá fi owó kún ọjà, yóò yà sọ́dọ̀ èkejì. Bí àwọn méjèèjì bá wá di ọ̀kan, ta ni yóò dá wọn lẹ́kun? Ìbéèrè yìí ni ìwádìí dá lé lórí. Àjọ náà kò fi ẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni. Ohun tí ọjà yóò dà lọ́la ló fẹ́ mọ̀.

Ẹ mọ ilẹ̀kùn tí ẹ máa kàn

Cameroon ti ní òfin ìdíje láti ọdún 1998. Bí òwò bá kọjá ẹnubodè, ìlànà ọdún 2019 ti àjọ CEMAC, tí orílẹ̀-èdè 6 wà nínú rẹ̀, ló máa ń wọlé. Bílíọ̀nù 10 owó CFA tí àwọn ilé iṣẹ́ náà jọ ń pa wọlé, tàbí ìdá 30 nínú 100 ọjà wọn, ni òdiwọ̀n tó ń sọ ọ́ di dandan láti fi tó CEMAC létí. Ní Nàìjíríà, àjọ FCCPC ni ẹ máa lọ bá; láti oṣù Kẹwàá ọdún 2024, àjọ ìdíje ECOWAS tó wà ní Gambia náà ti ń yẹ irú rẹ̀ wò.

Ẹ má tíì di ọ̀kan

Títí àṣẹ yóò fi dé, abánidíje ṣì ni yín. Ẹ má jọ dá iye owó ọjà, ẹ má pín oníbàárà, kí ẹni tó fẹ́ rà má sì máa pàṣẹ fún òṣìṣẹ́ ẹni tó fẹ́ tà. Altice kò ní sùúrù nígbà tó ń ra PT Portugal; ní oṣù Kẹrin ọdún 2018, àjọ ìṣọ̀kan Yúróòpù bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 124.5 yúrò lé e. Nítorí náà, ẹ fi àyè oṣù tó pọ̀ sílẹ̀ nínú àdéhùn yín.

Ẹ sọ òtítọ́

Àjọ máa ń béèrè àkọsílẹ̀ títà àti ìwé ìpàdé àwọn olùdarí. Bí ìwé inú ilé bá sọ pé ẹ fẹ́ ra orogún yín kí owó ọjà lè gòkè, àlàyé agbẹjọ́rò kò ní lè bò ó. Nígbà tí Facebook ń ra WhatsApp ní ọdún 2014, ó ní òun kò ní lè so àkáǹtì àwọn oníbàárà méjèèjì pọ̀ bó ṣe yẹ. Yúróòpù rí i pé ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀, ó sì gba mílíọ̀nù 110 yúrò lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọdún 2017.

Ẹ mú àtúnṣe dání

Bí ẹ bá ti rí ibi tí ìdíje yóò ti kú, ẹ má dúró kí àjọ tó wí. Nígbà tí AB InBev fẹ́ ra SABMiller ní ọdún 2016, ó yọ̀ǹda láti ta ọtí Peroni àti Grolsch, Yúróòpù sì fún un ní àṣẹ.

Ọ̀rọ̀ yìí kan oníṣòwò kékeré náà. Àjọ máa ń bi abánidíje, olùpèsè àti oníbàárà léèrè. Bí ìwé ìbéèrè bá dé ọ̀dọ̀ alágbàtà ní Douala tàbí Èkó, kó fèsì, kó sì fi àkọsílẹ̀ iye tó ń ra ọjà tì í lẹ́yìn, nítorí ilé iṣẹ́ tó bá ti di ọ̀kan ṣòro láti tún pín sí méjì.