Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Kí ló ń pa kọ̀ǹpútà lójijì?

Bí kọ̀ǹpútà yín bá gbóná janjan, tó sì ṣàdédé kú, ẹ má tíì sọ pé ó ti bàjẹ́. Ó ń gba ara rẹ̀ là ni. Bí ooru processor, tí í ṣe ọpọlọ rẹ̀, bá sún mọ́ nǹkan bí 100°C, á kọ́kọ́ dẹwọ́ iṣẹ́. Bí ooru náà ò bá lọ sílẹ̀, ẹ̀rọ á kú fúnra rẹ̀ kó má baà jóná.

Eruku ló sábà ń fà á. Ẹ tú u wò lẹ́yìn ọyẹ́: ẹ ó rí eruku tó ti dì bí òwú sáàárín fáànù àti irin pẹlẹbẹ tó ń gbé ooru jáde. Atẹ́gùn ò rọ́nà gbà mọ́. Ẹ pa á, ẹ yọ wáyà iná, ẹ fi ìka di fáànù mú kó má baà yí, kí ẹ wá fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ àti bulówà gbọ̀n ọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ẹnu fẹ́ ẹ. Omi ẹnu lè ta sí i.

Laptop orí bẹ́ẹ̀dì ńkọ́? Aṣọ ló ń dí ihò atẹ́gùn rẹ̀. Ẹ gbé e sórí tábìlì.

Bí fáànù bá mọ́, tó ń yí dáadáa, síbẹ̀ tí ooru ò dínkù, ó ṣeé ṣe kí ìpara tó wà láàárín processor àti irin náà ti gbẹ. Ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ tó mọṣẹ́ nù ún kúrò, kó fi tuntun sí i.

Ṣùgbọ́n bó bá ń kú nígbà tó ṣì tutù, ooru kọ́ o. Ẹ yẹ bátìrì, ṣájà tàbí power supply wò.